Ìtàn Ni Ìwé Ilé

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n mú yín lọ síbì kan. N kò ní mú yín rìn jìnnà. Ilé wa ni à ń lọ, ilé tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó, nílùú Ìbàdàn.

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí bàbá wa kékeré tó ń ṣọ́ ilé náà ti papòdà, tí ẹbí sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ sí i ni ẹnìkan yọjú tó lóun fẹ́ ra ilé náà, kóun wó o, kóun fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà méjì. Owó tó dá lé e kì í ṣe owó kékeré. Láti ọjọ́ náà ni à ń ṣe ìpàdé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀, tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ sì ti kàn yín lára tàbí tí ń bọ̀ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Ọ̀nà ibẹ̀

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ, kó gun òkè títí dé Gbọ̀ngàn Mápó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, àwọn òpó gàgàrà iwájú rẹ̀ ṣì dúró digbí. Kó dúró síbẹ̀, kó wo ìsàlẹ̀. Òrùlé páànù ni yóò rí, òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, gbogbo wọn ti dípẹtà, wọ́n pọ́n bí ilẹ̀ tí wọ́n fi mọ ògiri tó gbé wọn ró. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò rẹ̀. Lójú tiwọn, ohun kan ṣoṣo ni. Ọmọ ibẹ̀ ló mọ̀ pé agboolé agboolé ni, pé ibi tí páànù kan ti ya èkejì sílẹ̀, ààlà ìdílé ni.

Páànù yẹn gan-an, kì í ṣe ohun àtayébáyé. Nígbà tí àwọn jagunjagun sọ Ìbàdàn di ibùdó, ní nǹkan bí ọdún 1829, koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bolé. Lẹ́yìn tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901 ni páànù tó ń ti Èkó wá di ohun tí ọwọ́ tó dáadáa. Kó tó dìgbà náà, iná ni ọ̀tá ilé. Ẹta iná kan péré nígbà ọyẹ́, àdúgbò odindi lè lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iná yìí sọ́kàn, a ṣì máa nílò ẹ̀ níwájú.

Ẹ sì rántí ọdún Òkè'Bàdàn tí à ń ṣe nínú oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ náà, a kì í dáná nílùú. Ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ ni ti Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ogun lé gun orí òkè, tó jẹ́ pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbẹ́mìí ró. Ẹ wò ó, ìlú ńlá báyìí ń paná lọ́jọ́ kan lọ́dún, kì í ṣe pé ìwé ìjọba pàṣẹ ẹ̀. Ìtàn ló pàṣẹ.

Láti Mápó, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sápá ibi tí odò Kúdẹtì gbà kọjá. Mọ́tò kò lè dé ilé wa. Ọ̀kadà gan-an á kù díẹ̀ kó dé. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn kọjá lójúde àwọn tó ń sá èlùbọ́, kọjá lẹ́bàá kànga tí wọ́n ti dé lórí, kẹ́ ẹ tó rí igi pẹ́rẹ́gún méjì tó dúró bí ẹ̀ṣọ́. Ilé wa nìyẹn.

Ilẹ̀kùn àti àgbàlá

Ẹnu ọ̀nà ilé wa kúrú. Ẹni tí kò bá tẹrí ba, àtẹ́rígbà á gbá a níwájú orí. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọ́n sọ fún wa pé bàbá tó kọ́ ilé náà ló bá ilẹ̀kùn mulẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí agbéraga wọlé. A gbà á gbọ́, a sì ń dúró síta láti máa fi àlejò tó bá forí gbá igi ṣe ẹ̀rín. Mo wá dàgbà, mo ro ó wò. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wọlé kò lè gbé àdá sókè kó tó wọlé tán. Lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà náà sì ni yangí Èṣù wà. Ẹni tó tẹrí ba ti kí i, bó mọ̀, bí kò mọ̀.

Ògiri nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà. Ẹ bá fi ojú tọ ara rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà tó lọ gbọọrọ. Ìpele ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gún amọ̀ lẹ́sẹ̀ títí tí á fi dẹ̀, wọ́n á tò ó yí ilé ká, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Bàbá kékeré kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á: ìpele márùn-ún ni ilé wa ní. Ẹni tó bá kánjú gbé ìpele kejì lé ti àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù, ògiri rẹ̀ á yọ ikùn, ọjọ́ kan á sì wó.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, yàrá sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òrùlé dà sínú, kò dà síta, nítorí náà gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí ilé, àgbàlá ló ń já sí. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló ń gbà á. Èyí tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ á gba ihò ojú àgbàrá kan jáde lábẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Èèwọ̀ ilé wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹrù dí ihò yẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀mí ilé ń gbà mí. Ó ṣe díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé gbé àpò sìmẹ́ǹtì dí i nígbà òjò. Omi dúró nínú àgbàlá mọ́jú, ẹsẹ̀ ògiri apá ìwọ̀-oòrùn sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹni tó dá èèwọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ iṣẹ́ amọ̀. Ó mọ̀ pé orí kọ́ ni ilé alámọ̀ ti ń kú, ẹsẹ̀ ni. Ó sì mọ̀ pé tóun bá sọ pé "ẹ má dí ọ̀nà omi," ọmọ aráyé á gbàgbé. Tóun bá wí pé ibẹ̀ ni ilé ń gbà mí, kò sẹ́ni tó máa gbàgbé.

Àwọn tó sùn síbẹ̀

Yàrá tó wà lọ́kánkán ẹnu ọ̀nà ni bàbá tó tẹ ilé dó wà. Abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn tí mo mọ ibi tí wọ́n wà nínú ilé náà jẹ́ méje. Kò sí sìmẹ́ǹtì lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. A mọ ibẹ̀ nítorí pé a kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sápá orí wọn, a kì í sì í gún nǹkan nínú odó níbẹ̀.

Yàrá Ifá wà lápá òsì. Pẹpẹ amọ̀ ni, wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú ọ̀nà rẹ̀. Ikin tí bàbá náà gbé wá wà níbẹ̀ dòní, epo àti ọwọ́ àwọn tó ti lò ó ti sọ ọ́ di dúdú, ó ń dán. Ọ̀sẹ̀ Ifá kò yẹ̀ nínú yàrá yẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí bàbá kékeré ṣe ń ṣàìsàn tó, á ní kí wọ́n gbé òun débẹ̀ kóun fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tí ẹ̀yin tó jìnnà sílé lè má mọ̀. Ẹni tó ń gbá iwájú yàrá Ifá yẹn láràárọ̀ kì í ṣe oníṣẹ̀ṣe. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, Àlàájà ni wọ́n, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wakati ìrun márààrún kì í yẹ̀ wọ́n. Nínú ilé kan ṣoṣo yìí, a ní mùsùlùmí, a ní onígbàgbọ́, a ní àwa. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ agboolé Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ilé jíjogún kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àwa nìkan, ẹni tó bá rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ á kàn máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Yàrá ẹnu ọ̀nà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà la dé yìí. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, yàrá kan wà lápá ọ̀tún, ó sún mọ́ yangí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó nínú ẹ̀ lè rí gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló ń gbébẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀ gbébẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ gbébẹ̀. Èèwọ̀ kan sì wà nínú ilé wa tó jọ mọ́ yàrá yẹn: a kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà bi ẹnikẹ́ni pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Wọ́n ní ẹni tó bá bi í, iná tó lọ á padà wá.

Ojúlé mẹ́ta la jẹ́ nínú ilé náà, nítorí ìyá mẹ́ta ni bàbá wa àgbà fẹ́. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń sọ ìtàn ilé. Ojúlé wa ní babaláwo ni bàbá náà, pé nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ló ko ikin mọ́dìí wá. Ojúlé kejì ní ahunṣọ ni, pé Ìsẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ dúró, Ifá sì wá bá a lẹ́yìn. Ojúlé kẹta ní ogun ló bá wá, pé ìjòyè ogun ló fún un nílẹ̀. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí ó fi sú mi. Mo ṣàkíyèsí pé yàrá tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tó ni apá ibi tí òfì wà tẹ́lẹ̀ ló ń sọ ti ahunṣọ. Àwa tá a wà lẹ́bàá Ifá là ń sọ ti Ifá. Kì í ṣe irọ́ ni ẹnikẹ́ni ń pa. Olúkúlùkù ń ka ìwé ilẹ̀ tirẹ̀ síta ni.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Gbogbo wọn ní nígbà ogun Kírìjí, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò parí pátápátá títí di 1893, iná ṣẹ́ yọ ládùúgbò lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan. Olórí ilé kò sí nílé, ó wà ní ibùdó ogun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ilé, ìwọ̀fà ni, bàbá rẹ̀ ló fi í dúró nítorí gbèsè. Nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń kó aṣọ àti owó ẹyọ, òun ló wọ abẹ́ òrùlé tó ń jó, ó gbé àpò ikin jáde. Apá rẹ̀ jóná, kò sì tọ́ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí olórí ilé dé, ó fa gbèsè náà ya. Wọ́n tún ilé kọ́, ó fún un ní yàrá tó kọ́kọ́ kan ni tí a bá wọlé. Ó sì búra níwájú ikin yẹn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ọmọ ọkùnrin yìí, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, pé ọmọ ta ni ẹ́.

Ìwé yàrá ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Kò sí òǹtẹ̀ lórí ẹ̀, kò sí nínú fáìlì ìjọba kankan. Èèwọ̀ kan àti ìtàn kan ni gbogbo ẹ̀.

Ìdí igi tàbí orí ò jorí

Nígbà tí oníbàárà yọjú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni bí a ó ṣe pín owó. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mọ èyí dáadáa. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Ìdí igi ni kí wọ́n kà á ní iye ìyá: ìyá tó bí ọmọ kan àti ìyá tó bí mẹ́fà, ìpín kan náà ni tiwọn. Orí ò jorí ni kí wọ́n kà á ní iye ọmọ, kí olúkúlùkù gba iye kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ láyé ìjọba òyìnbó, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó, ogún ọkùnrin tó ní ìyàwó 4 àti ọmọ 9. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 ni wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni àṣà wa gan-an, pé orí ò jorí ni à ń lò nígbà tí ìjà bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní kí a pín in ní ìdí igi mẹ́ta. Mo ní ó dáa. Yàrá ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi dáhùn pé wọn kò sí nídìí igi kankan, pé kí a fún ìyá náà ní owó ìkẹ́rù kó wá ibòmíràn gbà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò fi ìbínú sọ ọ́. Àmọ́ ohun tó béèrè, bẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ni pé: ọmọ ta ni?

Mo wá rí i nígbà náà pé tá a bá ta ilé yìí, àwa ojúlé mẹ́ta á rí nǹkan gbà dání. Ẹni kan ṣoṣo tí kò ní rí nǹkan kan gbà ni ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé ikin jáde nínú iná. Ọjọ́ tí ilé bá wó ni ìwé tirẹ̀ fà ya, nítorí ara ògiri yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ilé méjì tó yẹ ká mọ̀

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ n mẹ́nu kan ilé méjì. Èkíní wà ní Erékùṣù Èkó, nítòsí Tinubu, Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é. Ìdílé Fernandez ló kọ́kọ́ ni ín, ní nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, lọ́nà tí àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl dé fi ń kọ́lé. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìwé wà, òfin wà. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Èkejì wà ní Bràsíl fúnra rẹ̀, nílùú Salvador ní Bahia. Àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ló dá a sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọká. Ẹ̀yin tó mọ ààfin Ọ̀yọ́ mọ̀ pé oyè ni Ìyá Nasò, ìyá tó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin. Wọn kò ní ògiri kankan tí wọ́n lè gbé sọdá òkun. Ìtàn àti oyè ni wọ́n gbé, wọ́n sì fi kọ́ ilé. Ìyá kan ń gbà á lọ́wọ́ ìyá kan títí dòní, wọn kì í pín in. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn dúró lé e, ní 1984 ìjọba Bràsíl sì fi ààbò òfin bò ó, ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nílẹ̀ náà.

Òfin dé ilé méjèèjì. Ọ̀kan wà, ọ̀kan kò sí. Ní tèmi, òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé inú ilé, tó mọ ìtàn rẹ̀, tó sì kọ̀ láti dìde, òun ni òpó àárín.

Ìpàdé

Mo ti dá Ifá lórí ọ̀rọ̀ náà kí ìpàdé tó kẹ́sẹ̀ jọ. Òdí Méjì ló jáde. Ẹ̀yin awo mọ ohun tó ń wí, n kò ní tú u síbí. Ṣùgbọ́n n kò gbé e síwájú ẹbí. Ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀ kò gba Ifá mọ́. Tí mo bá ní Ifá ló sọ, wọ́n á ní babaláwo ń du ilé mọ́ ẹbí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yàrá ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ inú wa lè gbà pé òótọ́ ni.

Àlàájà ló gbé e dúró. Wọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ wá. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi ò bọ Ifá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ń rí mi tí mò ń gbá iwájú ẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ìdọ̀tí bo orí bàbá mi ni? Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé, kó dìde báyìí, kó wọ yàrá yẹn, kó pe bàbá mi lórúkọ, kó sọ iye tí wọ́n dá lé wọn." Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n wá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Níbi yẹn ni bàbá mi mú mi dúró sí nígbà tí n kò tíì gbọ́njú dáadáa. Wọ́n ní bàbá àwọn ló búra lójú àwọn, pé ẹni tó bá bi àwọn ará yàrá yìí pé ọmọ ta ni, ara rẹ̀ ló lé kúrò nílé. Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ká tó gbà pé mo gbọ́ ọ ni?"

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò sọ nǹkan kan. Ìdí ìlẹ̀kùn ló jókòó sí, kò tilẹ̀ wọ àárín wa.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pásítọ̀ ni, ó dìde. Ó ní òun á dá owó páànù, àmọ́ kí a kó Ifá kúrò nílé kọ́kọ́. Mo ní kò burú pé ó fẹ́ dá owó, ṣùgbọ́n ikin yẹn gan-an ni ẹ̀rí yàrá ẹnu ọ̀nà. Tí a bá gbé e kúrò, kí ni ọmọkùnrin yẹn wọ inú iná lọ gbé? Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Àlàájà ní, "Páànù kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó jò." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó dá owó náà, yàrá Ifá sì wà níbi tó wà.

Ohun tá a ṣe

A ra ìwé onílà ńlá kan. Àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn tirẹ̀ síta, àwọn ọmọ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. A kò fi ẹyọ kan pa èkejì rẹ́. A ya àwòrán ilé, yàrá yàrá, a kọ orúkọ àwọn tó ni ín síbẹ̀ àti orúkọ àwọn tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Yàrá ẹnu ọ̀nà wà nínú àwòrán náà gẹ́gẹ́ bí ojúlé kẹrin. A tẹ̀ka, a fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la gbé e tọ agbẹjọ́rò lọ. Ó ní ilé ẹbí kò ṣeé tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé fohùn ṣọ̀kan, ó sì bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní ti ògiri, a kò lo sìmẹ́ǹtì. Àwọn aládùúgbò kan fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ wọn, omi há sáàárín, nígbà tó dọdún kejì, sìmẹ́ǹtì náà ń já bọ́ pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. A wá àgbà mọlémọlé kan, ó po amọ̀ pupa mọ́ koríko gígé, ó tún ẹsẹ̀ ògiri mọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó gbẹ. A la ojú àgbàrá. A pààrọ̀ páànù tó ti jẹrà kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán o. Méjì nínú àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní owó orí ilé yẹn lè rán ọmọ lọ sí yunifásítì, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Oníbàárà náà ṣì ń kí wa lọ́jọ́ ọdún. Àlàájà ń dàgbà sí i. Ohun tó yàtọ̀ ni pé bí wọ́n bá lọ lónìí, ohùn wọn kò bá wọn lọ.

Ẹ̀yin ẹbí wa, n kò wí pé a kò gbọdọ̀ ta ilé kankan láé. Ilé mìíràn á ti wó kọjá àtúnṣe, ìyà mìíràn a sì máa fipá mú ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jókòó lórí owó, ẹ jókòó lórí ìtàn. Ẹ bi àwọn àgbà nípa gbogbo èèwọ̀ ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ni èèwọ̀ náà ń dáàbò bò. Ẹ ó rí i pé òmíràn ń dáàbò bo ògiri, òmíràn ń dáàbò bo òkú, òmíràn sì ń dáàbò bo alààyè tí kò ní ìwé mìíràn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, nítorí àwọn àgbà ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tó bá sì di dandan kí ojúbọ kúrò níbì kan, ẹ pe awo kó bá yín gbé e bó ṣe yẹ, ẹ má jẹ́ kí katakata gbé e fún yín.

Kí Ẹ̀dùmàrè jẹ́ kí ilé wa ró. Kí ògiri wa má lanu fún aláǹgbá. Kí ẹni tó gbé ohun rere jáde nínú iná má ṣe pàdánù ibi tí yóò sùn. Kí àwọn tó sùn sábẹ́ ilé wa má sùn gbàgbé wa, kí àwa náà má gbàgbé wọn. Àṣẹ.